Oṣù wo lẹ fẹ́ gé igi ẹ̀yìnkùlé yín?

Nòfẹ́ńbà ọdún kan, mo pe bọ̀dá kan tó máa ń bá wa ṣán koríko pé kó wá bá mi rẹ́ ẹ̀ka máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn, torí Kérésì ti ń bọ̀, àlejò á wá, mo ṣáà fẹ́ kí àyíká mọ́. Ó gé e dáadáa o, igi yẹn rí rọ́bọ́tọ́ bí orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, inú mi dùn, mo fún un lówó ẹ̀, mo tún fún un lóúnjẹ. Nígbà tó di Jánúárì, máńgòrò gbogbo ilé tó yí wa ká ti ń tan òdòdó, tiwa ò tan nǹkan kan, ewé tútù pupa ló ń yọ. Igi tó máa ń so débi tá a fi máa ń gbé e fún aládùúgbò, lọ́dún yẹn a ò rí ẹyọ kan ká lórí ẹ̀. Màámi ló gbin igi náà. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "O gé igi, o ò bi í pé oṣù wo ló wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bèèrè, tí mò ń kà, tí mò ń gé, tí mò ń wò ó, mo wá fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní igi méjì mẹ́ta, fíláwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ewúro lẹ́yìn kíṣìnnì. Ti ilẹ̀ Yorùbá níbí ni mò ń sọ, níbi tí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Máàṣì tàbí Épírì, tó máa ń sinmi díẹ̀ ní Ọ́gọ́ọ̀sì, tó tún máa ń padà wá ní Sẹ̀tẹ́ńbà wọ Ọ̀któbà, kí ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ tó gbalẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Chicago, oṣù tiyín yàtọ̀, ẹ má fi tèmi yìí gé rósì yín, ṣùgbọ́n bá a ṣe ń fi ayùn gé ẹ̀ka, ìyẹn ò yàtọ̀ níbì kankan.

Máńgòrò

Ṣónṣó ẹ̀ka ni máńgòrò ti ń tan òdòdó. Ẹ̀ka yẹn gbọ́dọ̀ ti gbó, kó ti sinmi fún oṣù mélòó kan, kí ẹ̀ẹ̀rùn bá a níbi tó ti ń sinmi yẹn, kó tó lè yọ òdòdó láàrin Dìsẹ́ńbà sí Fẹ́búárì. Tẹ́ ẹ bá wá gé ṣónṣó yẹn ní Ọ̀któbà tàbí Nòfẹ́ńbà, òdòdó tẹ́ ẹ ò tíì fojú rí lẹ̀ ń gé dànù yẹn, igi á wá fi gbogbo agbára ẹ̀ rúwé. Ohun tó ṣe tiwa nìyẹn. Ìgbà tó dáa láti gé e ni gbàrà tẹ́ ẹ bá ti ká èyí tó gbẹ̀yìn tán, bíi Júùnù sí Júláì, torí òjò ṣì ń rọ̀, á tètè rúwé, ewé yẹn á gbó, ẹ̀ka á ti sinmi kí ọyẹ́ tó dé.

Kí lẹ máa gé? Èyí tó ti kú lẹ máa kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka méjì tó ń ha ara wọn, ẹ yọ ọ̀kan, torí ibi tí wọ́n ti ń ha ara wọn ni èèpo á ti bó tí àrùn á gbabẹ̀ wọlé. Ẹ tún yọ àwọn tó ń yọ láti inú tí wọ́n ń gòkè ganran láìyà síbì kankan, wọn kì í so, omi lásán ni wọ́n ń fà. Ẹ wá dúró sábẹ́ igi, kẹ́ ẹ gbójú sókè. Tẹ́ ẹ bá rí i tí oòrùn ń tò sílẹ̀ wẹ́wẹ́ bí owó ẹyọ tí wọ́n dà sórí ẹní, ó ti tó, ẹ gbé ayùn sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ráàyè kọjá yẹn ṣe pàtàkì, torí àrùn tó ń fi àmì dúdú sára máńgòrò, tó ń jẹ́ kí òdòdó ẹ̀ dúdú kó sì gbẹ dànù, ọ̀rinrin ló fẹ́ràn.

Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́rin igi lọ lọ́dún kan. Tó bá ti ga ju òrùlé lọ tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó wálẹ̀, ọdún mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ẹ̀ka gíga kan tàbí méjì lọ́dún. Ẹni tó bá bẹ́ ẹ lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ka wínníwínní bí ìgbálẹ̀ ló máa hù padà, wọn ò sì ní dì mọ́ ara igi dáadáa, ìjì kan ló máa já wọn bọ́.

Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Máńgòrò àti kajú, ẹbí kan náà ni wọ́n, oje wọn máa ń bó ara àwọn míì. Tí wáyà iná bá gba àárín ẹ̀ka kọjá, ẹ má gùn ún, ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ sì fi ọ̀pá gígùn mi ẹ̀ka díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gun àkàbà, mo ti rí ẹni tí agbọ́n lé sọ̀kalẹ̀ láti orí máńgòrò, ẹsẹ̀ ló fi kán.

Bí ayùn ṣe ń lọ

Ẹ̀ka tí ò ju ìka ọwọ́ lọ, àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé fíláwà ti tó o. Èyí tó bá ti tó ọrùn ọwọ́, ayùn ni kẹ́ ẹ lò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àdá bẹ́ ẹ. Àdá máa ń fọ́ igi ni, ojú ibẹ̀ á rí wúruwùru, omi á dúró sí i, á jẹrà wọnú lọ. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀ka tó wúwo, ẹ ò tíì gé e dé ìdajì tó fi máa wó, á sì fa èèpo igi ya wálẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọgbẹ́ yẹn lè gùn tó apá yín.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń gé ẹ̀ka ńlá. Ẹ fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan jìn sí ara igi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ẹ̀ka, ẹ fi ayùn gé e lọ sókè dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ dúró. Ẹ sún síwájú bí ìka mẹ́ta, kí ẹ jìnnà sí igi díẹ̀ sí i, ẹ wá gé e láti òkè bọ̀ wálẹ̀ títí ẹ̀ka á fi já bọ́. Tó bá tiẹ̀ fẹ́ ya, ibi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé lábẹ́ yẹn ló máa dá a dúró. Ó wá ku kùkùté kúkurú. Ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀ níbi tó ti so mọ́ igi, ẹ máa rí i pé ó wú díẹ̀, ó ká róbótó, ó sì ní ìlà tó tẹ̀lé ara wọn bí ọrùn ọmọ ọwọ́ tó sanra. Iwájú ọrùn yẹn gẹ́ẹ́ ni kẹ́ ẹ ti gé e. Ẹ má gé ọrùn náà mọ́ ọn, ẹ má sì fi kùkùté tẹ́ ẹ lè fi aṣọ kọ́ sílẹ̀. Ara ọrùn yẹn ni èèpo tuntun á ti máa yọ, á rọra máa bo ojú ọgbẹ́ yíká, tẹ́ ẹ bá padà wò ó lẹ́yìn ọdún kan, ẹ máa bá a tó ti ká bí ètè.

Àwọn kan máa ń kun ọ̀dà sójú ibẹ̀, àwọn míì á fi ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú ra á. Ẹ fi sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Alex Shigo, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó igbó ló bá ṣiṣẹ́, ó fi ẹ̀rọ ayùn la àìmọye igi láti òkè délẹ̀ kó lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá fara gbọgbẹ́. Àlàyé tó gbé jáde ní 1977 ni pé inú igi tó ti bàjẹ́ kì í tún ara ẹ̀ ṣe bí ẹran ara èèyàn, bí èèpo tuntun tiẹ̀ bo ojú ọgbẹ́, ńṣe ló máa ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká kí ìjẹrà má bàa kọjá. Ọ̀dà ò bá a mọ odi kankan, ó tiẹ̀ lè sé ọ̀rinrin mọ́ ibẹ̀.

Ohun tó pọn dandan ni ìmọ́tótó irinṣẹ́. Ife bílíìṣì kan sínú ife omi mẹ́sàn-án, tàbí sípírítì, ẹ fi nu ẹnu ayùn kẹ́ ẹ tó kúrò lórí igi kan bọ́ sórí òmíì, pàápàá tí igi àkọ́kọ́ bá ń ṣàìsàn. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á kó má dípẹtà.

Ọsàn, àti àlejò tó wà lórí ẹ̀

Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń mú ọsàn tan òdòdó, èyí tó pọ̀ nínú èso ẹ̀ sì máa ń pọ́n láti bí Ọ̀któbà títí dé Jánúárì, torí náà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ká a tán, kí òjò tó dé, ni kẹ́ ẹ gé e. Ẹ má gé púpọ̀. Ẹ yọ èyí tó kú, ẹ yọ èyí tó ti wọnú òkùnkùn tí kò so mọ́, ẹ fi ìyókù sílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ṣí inú ẹ̀ gbayawu, oòrùn Fẹ́búárì á jó èèpo ẹ̀ débi tó máa fi là.

Ọ̀pọ̀ ọsàn tá à ń rà ní nọ́ọ̀sìrì, igi méjì ni wọ́n so pọ̀, ìsàlẹ̀ jẹ́ irú lẹ́mọ́ọ̀nù kan tó lágbára, òkè ni ọsàn dídùn. Ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti so ó, ó máa ń wú díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀. Ohunkóhun tó bá hù lábẹ́ ibẹ̀, tí ewé ẹ̀ yàtọ̀ tí ẹ̀gún ẹ̀ sì pọ̀, ẹ fọwọ́ já a kúrò nígbà tó ṣì rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kó dàgbà ná, òun ló máa gba igi mọ́ ọlọ́sàn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń wá igi tí wọ́n so dáadáa n'Íbàdàn níbí lè lọ bèèrè ní NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí èso àti ẹ̀fọ́ tó ti wà ní Ìdí-Ìṣìn láti 1975.

Ẹ wá wo orí ọsàn tó ti pẹ́ nílẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí ìdì ewé kan tí àwọ̀ ẹ̀ ò bá tìyókù mu, tí ewé ẹ̀ nípọn, tó ń yọ òdòdó pupa tín-ín-rín, àfòmọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ẹyẹ ló ń gbé e kiri, á jẹ èso ẹ̀, hóró inú ẹ̀ máa ń lẹ̀ bí àtè, ẹyẹ á wá nu ẹnu sára ẹ̀ka, hóró á dúró síbẹ̀, á hù, á sì wọnú ẹ̀ka lọ láti máa mu omi tí ọsàn fà. Èèyàn máa ń já ewé ẹ̀ dànù kó sì rò pé òun ti pa á. Kò tíì kú o. Ọyẹ́ tó kọjá, mo la ẹ̀ka kan tí àfòmọ́ wà lára ẹ̀ wò, igi ọsàn ti wú yí i ká bí ìkúùkù, inú ìkúùkù yẹn sì ni ara àfòmọ́ ti wọlé, ó dì mọ́ igi débi pé ọ̀bẹ ò lè là wọ́n. Ẹ̀ka yẹn fúnra ẹ̀ lẹ máa gé, kẹ́ ẹ fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan wọlé sápá ara igi, kọjá ibi tó ti dì mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé ara igi gan-an ló hù sí, tẹ́ ẹ ò lè gé e, ẹ máa gé àfòmọ́ náà ní gẹ́ẹ́rẹ́ èèpo ní gbogbo ìgbà tó bá ti yọjú, kò ní ráàyè so èso tí ẹyẹ máa gbé lọ sórí igi míì. Èyí tẹ́ ẹ bá gé, ẹ bi àwọn ìyá eléwé ọmọ tó wà lọ́jà yín kẹ́ ẹ tó sun ún, wọ́n máa ń wá àfòmọ́ ọsàn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, gúáfà

Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń so, ọmọ ẹ̀ ló máa gbapò ẹ̀. Torí náà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà ní ojúkò kan: ìyá tó fẹ́ so, ọmọ tó tẹ̀lé e, àti ọmọ-ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Gbogbo ìyókù, ẹ bẹ́ wọn mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi ẹnu àdá wú àárín wọn jáde kí wọ́n má tún hù, tàbí kẹ́ ẹ hú wọn tìṣọ́ra-tìṣọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kẹ́ ẹ gbìn wọ́n síbòmíì. Apá kan náà ni kẹ́ ẹ ti máa mú ọmọ, bí àpẹẹrẹ ìhà ìlà oòrùn, kó má bàa ká yín mọ́ ògiri. Òjò tó bá ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì ní Épírì ló máa ń wó èyí tó ti so, ẹ fi igi tó ní pàlàkà gbé e ró kí òjò tó dé. Ewé tó ti gbẹ, ẹ gé e nígbàkigbà, ṣùgbọ́n ẹ wọ aṣọ tí ò dùn yín, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ.

Ìbẹ́pẹ, ẹ má bẹ́ ẹ lórí, inú ẹ̀ ṣófo bíi páìpù, omi òjò á wọbẹ̀ á sì jẹrà. Gúáfà ní tiẹ̀ fẹ́ gígé, torí ara ẹ̀ka tuntun ló ti ń so. Nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta ṣónṣó ẹ̀ka ẹ̀ dànù, ẹ̀ka tuntun tó máa yọ ló máa gbé èso wá, ọwọ́ yín á sì máa tó o.

Fíláwà ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì

Ọ̀rọ̀ ixora, fíláwà tó máa ń yọ òdòdó ní ìdì-ìdì, máa ń dùn mí. Ẹ máa bá a níwájú ilé, wọ́n ti gé e kó rí bíi páálí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń gé e, wọ́n wá ń bèèrè pé kí ló dé tí ò yọ òdòdó. Ṣónṣó ẹ̀ka ni òdòdó ẹ̀ wà, ṣónṣó yẹn gan-an lẹ sì ń gé! Ẹ jẹ́ kó tan òdòdó, kó rọ, kẹ́ ẹ wá gé e díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ fún bí oṣù méjì. Tí ewé ẹ̀ bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi pupa ẹyin tí iṣan ewé sì ṣì dúdú, ẹ wo ìdí ògiri tẹ́ ẹ gbìn ín sí, sìmẹ́ńtì ló sábà ń fà á, ixora ò fẹ́ ilẹ̀ tí sìmẹ́ńtì ti bà jẹ́. Ẹ hú u kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tàbí kẹ́ ẹ máa da ewé jíjẹrà sí ìdí ẹ̀ dáadáa.

Bógánfílíà, ẹ gé e gidi ní Máàṣì tàbí Épírì nígbà tí òdòdó ẹ̀ bá ti rẹlẹ̀, ẹ tún tọ́ ọ díẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà, lẹ́yìn ìyẹn ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó fẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ òun díẹ̀. Ẹni tó ń bomi rin ín lójoojúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ló máa rí. Yellow bush, fíláwà eléwé yẹ́lò tí wọ́n fi ń ṣe fẹ́ǹsì, ló rọrùn jù, gbogbo ìgbà òjò lẹ lè gé e, ẹ ṣáà jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ kí oòrùn lè dé ìdí ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìsàlẹ̀ á pá.

Ewúro àti ẹfinrin

Òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́dún ni mo máa ń dúró dè kí n tó gé ewúro. Nígbà yẹn á ti gbó, á ti tan òdòdó funfun, ewé ẹ̀ á ti kéré, á ti korò rékọjá. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ dé orúnkún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọ̀mùnú tó máa yọ níbẹ̀, ẹ ò ní lọ ra ewúro lọ́jà mọ́. Igi tẹ́ ẹ gé yẹn, ẹ ṣa èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò, ẹ gé e ní ẹsẹ̀ bàtà kan-kan, ẹ ki ojú méjì, ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ, bọ ilẹ̀ kó dagun díẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra kẹ́ ẹ má dorí ẹ̀ kodò. Ẹfinrin, ẹ máa já òdòdó orí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti yọ, tó bá ti so èso tán ó ti gbà pé iṣẹ́ òun parí nìyẹn.

Ìgbà òjò kan náà la máa ń fún ilẹ̀ lájílẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ẹ kó o jọ, ẹ dà á pọ̀ mọ́ koríko, ẹ jẹ́ kó jẹrà títí tí ò fi ní rùn mọ́. Abẹ́ ibi tí ewé igi parí sí ni kẹ́ ẹ dà á sí yíká, kì í ṣe ìdí igi gan-an, torí apá ìta yẹn ni gbòǹgbò tó ń jẹun pọ̀ sí.

Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọ̀któbà, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, ni kẹ́ ẹ ti bo ìdí igi. Koríko gbígbẹ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tẹ́ ẹ gbá, kó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ẹ fi àyè àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàrin ẹ̀ àti ara igi, torí ikán fẹ́ràn ibi tó bò, tó bá ti dé ara igi kékeré ẹ ò ní mọ̀ títí á fi dá. Ẹ máa fi ọ̀pá tú u wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Igi tí ò tíì pé ọdún méjì ló nílò omi jù. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ò ṣe é láǹfààní, òkè ilẹ̀ nìkan ló ń dé. Èmi máa ń fi ìṣó lu ihò kékeré kan sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́, mo máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ igi nírọ̀lẹ́, mo á rọ omi kún un, ilẹ̀ á ti mọ́ kó tó kán tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ti inú ìkòkò, ọyẹ́ máa ń gbẹ wọ́n kíákíá, ẹ kó wọn jọ sábẹ́ ìbòòji, ẹ fi ìka bọ ilẹ̀ láràárọ̀, tó bá gbẹ dé oríkèé kejì, ẹ bu omi sí i.

Tí máńgòrò bá sì ń tan òdòdó lọ́wọ́, ẹ má fín oògùn kòkòrò sí i, eṣinṣin àti oyin tó ń fò kiri lórí ẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó so.

Tí àlejò Kérésì bá wá ń bọ̀ tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí ilé mọ́ ní Dìsẹ́ńbà, nǹkan tẹ́ ẹ lè gé ṣì pọ̀. Ẹ̀ka tó ti kú kò ní oṣù, ẹ yọ ọ́ lórí igi yòówù. Ẹ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbẹ, ẹ gé ẹ̀ka ọsàn tí àfòmọ́ wà lára ẹ̀, ẹ tọ́ yellow bush díẹ̀, ẹ ṣán koríko. Ti máńgòrò, yàtọ̀ sí ẹ̀ka tó ti kú, ẹ gbá abẹ́ ẹ̀ nìkan.